Ariwo Tó Wà Lábẹ́ Ohùn Mi

Ọmọ mi, etí bàbá rẹ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ ò tíì bínú? Àwa náà wà, a ń jẹun, a ń sùn, orúnkún mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, pàápàá jù lọ kò ní jẹ́ kó jẹ́ tìtorí tèmi. Ìwé ni mo kọ, mi ò pè ọ́, torí ìwé kì í pariwo. Tíṣà tó yá yàrá iwájú ní òun á ya fọ́tò rẹ̀, òun á sì fi ránṣẹ́ sí ọ lónìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fọwọ́ kí n tó mú bírò, kí ìwé náà lè mọ́ nínú fọ́tò.

Ohun tí o sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ò kúrò lọ́kàn mi. O ní àwọn tó ń ṣe ìwé àfetígbọ́ níbi iṣẹ́ rẹ fẹ́ràn ìtàn bí mo ṣe fi ọdún méjìlélógójì tún aago ṣe, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ohùn ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ọ̀gá rẹ ní nǹkan kan ń ṣe hùùn, hùùn lábẹ́ ẹ̀. O ní bí ẹ̀kẹrin ò bá mọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gba ọ̀dọ́mọkùnrin òṣèré kan kó wá sọ ọ́ dípò mi. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ tí ò mọ sípíríǹgì aago yàtọ̀ sí ti bẹ́ẹ̀dì ni yóò wá jókòó máa sọ pé, "èmi alátùn-únṣe aago"?

O mọ etí mi. Bí wọ́n bá gbé aago wọlé, kí wọ́n tó kí mi tán, mo ti mọ eyín irin tó ti jẹ nínú ẹ̀. Mo ní ariwo wo ló máa wọ ilé mi tí mi ò ní mú? Gbogbo ohun tí o kà fún mi lórí fóònù ni mo sì ṣe.

Aago ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tó wà lára ògiri ni mo dá dúró. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó mọ àkókò mọ́ nílé yìí. Tíṣà, tó máa ń yọjú wo aago kó tó jáde, dé ilé ìwé nígbà tí wọ́n ti ń lọ ṣeré ọ̀sán. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ ọ̀sán fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì bá a jiyàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, o ní ariwo lè gba inú wáyà máìkì wọlé. Mo yọ wáyà náà, mo gbọn ọ́n dáadáa, mo fi pẹ́ẹ̀gì méjì sá a sórí okùn aṣọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo kọ ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀ kí ìyókù ariwo lè ro dànù. Tíṣà dúró lójú fèrèsé, ó ń wò mí. Mo mọ̀ pé ó ń kọ́ṣẹ́.

O ní kí n pa fíríìjì. Mo pa á. O ò sọ ìgbà tí màá tàn án padà. Ọ̀rọ̀ ẹja tó wà nínú ẹ̀, má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Mo tún lọ bẹ wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, torí bó bá ti fi iná sí irin, gílóòbù wa á máa ṣẹ́jú. Ọmọlúàbí ni. Ó ní òun ò ní ṣiṣẹ́ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀, àfi tí mo bá dákẹ́. Bó ṣe di pé bí mo bá ti dánu dúró kí n mí nìyẹn, ó ti ki iná bọ irin. Díẹ̀ ló kù kí n kú sórí ìtàn ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́. Nígbà tó yá ló ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi.

O ní yàrá mi ṣófo jù, pé ohùn ń lu ògiri padà wá. Mo wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, mo jókòó sáàárín búbà ìyá rẹ, kọ̀ǹpútà lórí itan. O ní etí máìkì náà là jù, kí tíṣà dín in kù. Ó dín in. Èmi náà bẹ máìkì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ò bá kàn yín, ẹ má gbọ́ ọ." Mo sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan.

Hùùn, hùùn. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Tíṣà wá ki íápíìsì bọ etí, ó dijú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ki ọ̀kan bọ etí tèmi. Mo gbọ́ ara mi, mo ní aago oníbàárà já sínú kànga, hùùn. Mo ní mo tẹ̀lé e wọ kànga, hùùn, èyí tiẹ̀ gùn díẹ̀. Mo ní mo rí i, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, nǹkan náà ní ẹ̀n-ẹ́n.

Ẹ̀rọ wo ló ń sọ pé ẹ̀n-ẹ́n?

Ìyá rẹ ni. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló jókòó sí, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń dá mi lóhùn bó ṣe ń dá mi lóhùn láti ogójì ọdún. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ojú tì mí, èmi tí mo ń gbọ́ eyín aago. Àmọ́ ìwọ náà tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mẹta, o ò mọ ohùn ìyá rẹ, nítorí náà má rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa wò yín bí ẹni tó ń bá yín jà ni?"

Lánàá, mo ní kó lọ kí àbúrò rẹ̀. Aago dákẹ́, fíríìjì dákẹ́, wẹ́dà ti ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà ní òun ò gbọ́ ìró kankan. Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní aago já sínú kànga, mo dúró. Kò sẹ́ni tó ní hùùn. Mo gbàgbé ohun tó kàn. Mo ní, "Wọ́n yọ ọ́," ó parí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọdún méjìlélógójì mi.

Ohùn méjèèjì, ti inú kọ́bọ́ọ̀dù àti ti àná, ni tíṣà máa fi ránṣẹ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé kó yọ aago, kó yọ wẹ́dà, kó yọ ikọ́ mi pàápàá. Ṣùgbọ́n bó bá máa yọ ìyá rẹ, kó kúkú yọ èmi náà, kó lọ pe òṣèré rẹ̀. Bí èèyàn ò bá fi kọ́kọ́rọ́ yí aago, ṣé aago á rìn ni?

Jọ̀wọ́, fi owó máìkì kejì ránṣẹ́, kí hùùn rẹ̀ lè jáde ketekete. Ohun tí a bá gbọ́ dáadáa, a kì í pè é láriwo. Fi owó ẹja kún un, ẹja mẹ́fà ni, ìyá rẹ mọ iye wọn.

Iṣẹ́ rẹ á dúró. Ọ̀gá rẹ á fojú rere wò ọ́. Ilé tí wàá bá gbé, o ò ní sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, alátùn-únṣe aago.

Mo gbàgbé: mo ti ka ìwé yìí sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo ibi tí mo dé ni ìyá rẹ ní hùùn, àfi ibi ẹja.