Màmá Yin Ìbọn Bàbá

Sátidé, ìrọ̀lẹ́. Ọ̀yọ́.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oko Bàbá lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí a bá lọ ni Bàbá máa ń gbé agolo mílíìkì lé orí kùkùté, tí wọ́n á máa yìnbọn sí i fún ìgbádùn. Lónìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yìn ín, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tàsé. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n na ìbọn náà sí mi.

"Bísí, máa gbé e lọ. Ó tó gẹ́ẹ́."

Mo gbà á.

Màmá, tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, nu ọwọ́, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n sì yìn ín. Agolo fò!

"Ìyá Bísí! Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ọdẹ ṣáà ni bàbá mi."

"Ó lé lógójì ọdún tí a ti fẹ́ra, o ò sọ fún mi?"

"Inú yín máa ń dùn sí i. Mi ò fẹ́ bá yín dù ú ni."

Èmi tí mo rò pé mo mọ àwọn méjèèjì...

Bàbá rọra lọ gbé agolo mìíràn lé orí kùkùté fún Màmá.