Máìlì Tí Kò Ṣeé Jogún

Èmi, Fàdílátù Àbẹ̀kẹ́ Sàká, oníṣòwò báàgì àti bàtà obìnrin ní ọjà Asigamé ní ìlú Lomé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Ọkàn inú àyà mi ni kò dá ṣáṣá. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí ni àwọn dókítà yóò là mí láyà.

Ìwé yòówù tí mo ti kọ ṣáájú eléyìí, mo fagi lé e. Àbúrò mi, Sọ̀fíyù, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Sọ̀fíyù, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹkún tàn ọ́.

1. Ilé mi ní Zanguéra àti ilẹ̀ mi ní Kpogan. Kí àwọn ọmọ mi méjèèjì, Fàrúkù àti Ìsìlámíyátù, pín wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Kí wọ́n má ta ilẹ̀ Kpogan kíákíá. Ibẹ̀ ni bàbá wọn ti máa ń mú mi lọ wo òkun nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, mo sì fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an.

2. Àgbò mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé. Kí wọ́n pa ọ̀kan fi ṣe sàráà mi. Méjì tó kù jẹ́ ti Sọ̀fíyù, nítorí wàhálà tí ìwé yìí yóò kó bá a.

3. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn àpò kí n tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Kí Ìsìlámíyátù mú un. Kí ó rántí pé òṣùwọ̀n náà máa ń fi kílò méjì dín.

4. Máìlì mi. Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lọ ra ọjà ní Guangzhou ní Ṣáínà. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọkọ̀ ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń kọ máìlì sílẹ̀ fún mi, èyí tí èèyàn lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá pọ̀ tó. N kò ná ọ̀kankan rí. Mo ń tọ́jú wọn bí ẹni ń tọ́jú aṣọ Iléyá. Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé bí ẹni tó ni máìlì bá kú, máìlì náà kú nìyẹn. Nítorí náà, n kò fún ẹnikẹ́ni ní máìlì nínú ìwé yìí. Mo ti ná gbogbo rẹ̀ lánàá.

Fàrúkù, mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. O ní ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ ló sì yẹ kí o fi wọ́n lọ sí Kánádà. Ọjọ́ mẹ́ta lo fi gbé fóònù mi pamọ́, torí orí rẹ̀ ni nọ́ńbà àṣírí wọn ń wọlé sí. O gbàgbé pé èmi ni mo bí ọ. Mo mú páásípọ́ọ̀tù mi, mo gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì wọn fúnra mi, mo sì sinmi ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo. Rosalie, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀, wá àyè títí. Ẹyọ ìjókòó kan ló kù fún oní-máìlì lọ sí Montréal ní Kánádà, ní ọjọ́ kejìlá oṣù yìí. Òmíràn di oṣù kìíní. Mo ní kí ó kọ orúkọ Christiana Ọládélé sí i.

5. Ìsọ̀ wa. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti Christiana, tí ẹ ń pè ní Ìyá Joy, láti ọjọ́ tí a ti ṣí i. Kò sí nínú ogún mi. Ìdajì tèmi jẹ́ ti àwọn ọmọ mi.

Ọdún méjìlélógún ni a fi jọ ṣòwò. Èmi ń wọkọ̀, òun ń jókòó ti ọjà, bẹ́ẹ̀ ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, àpò tirẹ̀ ló ti ń jáde. Àdéhùn wa ni pé bí mo bá lọ, òun ló kàn. Ní ọdún 2009, ó kó páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ fún mi kí n bá a gba físà. Ó ti ra kóòtù tí yóò wọ̀ lọ. Mo tọ́jú páásípọ́ọ̀tù náà sínú àpótí aṣọ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì dá a padà pé wọn kò fún un. N kò gbé e dé ibì kankan. Ẹ̀rù ló bà mí. Ó gbọ́n jù mí lọ, ó sì mọ èèyàn án bá sọ̀rọ̀. Bí àwọn tó ń ta ọjà fún wa bá mọ̀ ọ́n, kò ní nílò mi mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún wàhálà mi, ó sì ta kóòtù náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tèmi lo mẹ́rìndínlógún. Ojú ń tì mí.

Joy, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Montréal, yóò bímọ lóṣù yìí. Físà Christiana láti lọ bá a tọ́jú ọmọ ti jáde, owó ọkọ̀ ni kò sí. Bí Christiana bá sì lọ lọ́jọ́ kejìlá, kò ní sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kẹrìnlá. Òun ni mo fẹ́ kí ojú mi rí gbẹ̀yìn kí wọ́n tó fún mi lóògùn oorun. Díẹ̀ ló kù kí n sọ fún Rosalie pé kí ó kọ oṣù kìíní.

6. Nọ́tárì, amòfin tó ń bá èèyàn ṣe irú ìwé yìí, sọ fún mi pé ẹni tó bá gba nǹkan nínú ìwé ìhágún kò gbọdọ̀ jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, n kò fún Christiana ní ohunkóhun nínú ìwé yìí, kí ó lè ṣe ẹlẹ́rìí mi. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè gbà á. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ka gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó mú bírò, torí n kò láyà láti sọ ọ́ fún un lójúkojú. Ó jókòó níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí, ó ń bó ọsàn fún mi. Ó rò pé ilé àti ilẹ̀ ni mò ń pín.

Mo fọwọ́ sí i ní Lomé, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Fàdílátù Àbẹ̀kẹ́ Sàká

Ẹlẹ́rìí kìíní: Fẹ̀hìntọlá Ayọ̀ọlá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò.

Ẹlẹ́rìí kejì: Christiana Ọládélé. Mo ti kà á tán. Mo jẹ́rìí pé ìṣojú mi ló ti fọwọ́ sí i. N kò jẹ́rìí sí ohun mìíràn. N ó wọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kejìlá. Ìyá Fàrúkù, ìjà wà láàárín wa, n kò sì lè bá òkú jà. Má kú kí n tó dé.