Àkùkọ Tí Mo Fi Sínú Búùtù Ọ̀gá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn kò dùn ọ́ mọ́? Bí o bá ń béèrè tiwa, a dúpẹ́, a ń jẹ, a ń mu, ewúrẹ́ ti bí ìbejì, òrùlé ilé ìdáná kò sì jò mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará ilé kejì wa, ní òun á bá mi kọ ọ́, mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́, ṣebí ojú mi ti là. Ọlọ́run tó fi ọ̀gá rẹ àti ilé iṣẹ́ rẹ ṣàánú mi kò ní jẹ́ kí ojú wọn rí ibi. Àmín.

Àbúrò rẹ ló sọ fún mi pé wọ́n ní kí o lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ wò, bóyá wọn á gbà ọ́ padà, bóyá wọn ò ní gbà ọ́, àti pé nítorí mi ni. Mo pè ọ́ lórí fóònù, obìnrin kan ló gbé e, ó ní o kò sí nítòsí. Mo kí i, mo béèrè ọkọ àti ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè é. Mo wáá ń rò ó pé bóyá òun ni wọ́n ti fi sí àyè rẹ níbi iṣẹ́. Bó bá jẹ́ òun ni, má bá a jà o, ṣùgbọ́n sọ fún un pé bí àgbà bá kí èèyàn, wọ́n máa ń dáhùn ni.

Jẹ́ kí n rojọ́ fún ọ, torí ìwọ gan-an kò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ wá wo àwa tí à ń hun agbọ̀n, ìwọ tó ń yan èyí tí ilé iṣẹ́ yóò rà, òun tó ń kó o lọ sí òkè òkun tó ti wá? Mo kúnlẹ̀, mo gbé àkùkọ pupa fún un kí n fi dúpẹ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n gbé ìbọn sí níwájú. Ìwọ náà ní màmá, òfin ilé iṣẹ́ ni, kò gbọdọ̀ gbà á. Mo ní, áà, ẹni tí wọ́n kọ́ nílé lèyí! Ta ní í gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́? Ọmọlúàbí á kọ́kọ́ ní rárá, á ní ẹ má ṣe ìyọnu, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó na ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ń kánjú, kò sí àyè fún ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta, ni mo bá gé e kúrú. Nígbà tí ẹ wà nínú ilé tí ẹ ń yẹ agbọ̀n wò, mo di àkùkọ lẹ́sẹ̀, mo tẹ́ koríko fún un, mo gbé e sí búùtù, mo fi agbọ̀n tí ẹ fẹ́ gbé lọ bò ó. Mo padà wọlé, mo ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi.

Wọ́n ní inú ọgbà ilé iṣẹ́ yín ni àkùkọ náà ti kọ, tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣí búùtù, tó sì kọ àkùkọ sínú ìwé àwọn àlejò. Bá mi kí ẹ̀ṣọ́ náà, ó mọ iyì àlejò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ìwé dé láti ilé iṣẹ́ yín, ìwé funfun tó ń dán, tó ní òǹtẹ̀ lára. Èdè wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ló tún lè jẹ́ bí kò ṣe ìwé ọpẹ́? Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá rẹ, gbogbo ẹgbẹ́ àwa tí à ń hun agbọ̀n sì wá wò ó. Ọjọ́ kẹrin ni tíṣà gbé awò sójú, tó ní fọ́ọ̀mù ni, ìbéèrè mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá mo fi àkùkọ ra ojú rere kí ẹ lè máa ra agbọ̀n mi. Kí n tó mí, olórí ẹgbẹ́ wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kògbà, ti dìde, ó ní ẹni tó kọ adìẹ wa, àwa fúnra wa ló kọ̀, kí ẹnikẹ́ni má hun agbọ̀n fún un mọ́. Ni gbogbo wọn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Mi ò ní parọ́, inú bí èmi náà. Mo bi tíṣà pé ilé iṣẹ́ tó san owó iṣẹ́ abẹ ojú mi, ọ̀gá tó fún ọ láyè ọ̀sẹ̀ méjì kí o wá dúró tì mí nílé ìwòsàn, ṣé ojú méjì kò tó àkùkọ kan ni? Báwo ni wọn á ṣe fún mi kí n gbà, kí èmi fún wọn kó di ẹ̀ṣẹ̀? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Tíṣà ní òfin náà kò bá ọpẹ́ jà, pé ẹni tó ń yan agbọ̀n, bó bá ti jẹ adìẹ ẹnìkan, kò ní rí ihò ara agbọ̀n onítọ̀hún mọ́. Ó ní ojú ọ̀nà tí ọpẹ́ ń gbà wọlé ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ń gbà, àlejò bí ọ̀gá rẹ kò sì mọ èwo ni èwo, ló bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ṣebí àwa náà ló ń wí pé bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì.

Mo bá jókòó, mo ń dáhùn, tíṣà ń túmọ̀. Wọ́n béèrè iye tí mo ra ẹ̀bùn náà, mo ní mi ò rà á, ilé mi ni ìyá rẹ̀ ti sàba lé e. Wọ́n ní kí ló pa èmi àti òṣìṣẹ́ wọn pọ̀, mo ní ọjọ́ méjì ni mo fi rọbí rẹ̀. Wọ́n ní ṣé òṣìṣẹ́ náà mọ̀, mo ní bó bá mọ̀ ni, ì bá ti tú u sílẹ̀, agídí bàbá rẹ̀ ló jogún. Wọ́n ní kí ni mò ń retí padà, mo ní wọ́n ti fún mi kí n tó fún wọn. Èyí tó kẹ́yìn ní bóyá mo ṣì ní ọ̀rọ̀. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ dáadáa! Mo fẹjọ́ rẹ sùn wọ́n. Mo ní nínú ogún agbọ̀n tí èmi ìyá tó bí ọ hun lóṣù tó kọjá, méje lo dá padà lójú gbogbo ẹgbẹ́, o ní ìdí wọn kò dúró, ó sì ń dùn mí di òní, kí wọ́n bá mi bá ọ wí. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní bí kò bá dára kí n pa á rẹ́, ó já bírò gbà lọ́wọ́ mi, ó ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Fọ́ọ̀mù náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Gbé e fún ọ̀gá rẹ, má sì bínú sí mi pé mo fẹjọ́ sùn.

Ní ti Màmá Kògbà, mo lọ bá a nílé. Mo ní ọ̀gá rẹ kò da adìẹ padà, ẹ̀ṣọ́ ló ń bọ́ àkùkọ náà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé èmi tí mo ni í ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ mú un, ta ló kọ ta? Ó wò mí títí, ó ní mo gbọ́n ju bí òun ṣe rò lọ. Wọ́n ti padà sídìí iṣẹ́ láti àná.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, àlọ àti àbọ̀, kí o sì fi ti àkùkọ kún ti àbọ̀. Owó ara rẹ ni kó jẹ́ o, kí ilé iṣẹ́ má tún kọ ìwé sí wa. Má sì fi í sínú fóònù mọ́, èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo tú ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá.

Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ibi tí o bá ti ṣe òótọ́, òótọ́ náà á gbè ọ́. Ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ, Ọlọ́run á sì san án fún ọ̀gá rẹ níbi tí òfin wọn kò dé.

Ọwọ́ òfo ni mo ń bọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo ti bi tíṣà, ó ní nínú ìbéèrè mọ́kànlá náà, kò sí èyí tó ní kéèyàn má wo èèyàn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ wá, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, bàtà rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo fẹ́ dúró níwájú rẹ̀, kí n wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí n ní ẹ ṣeun.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó ń ríran.