Ìbòjú Màmá Di Yẹtí

Ojúlé Kejìlá, Ibo Road,
Sabon Gari,
Kano.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà ní Ọ̀fà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ẹ ti ń lè gun àtẹ̀gùn? Ooru Kano ti dé, ṣùgbọ́n ara wa le. Tiwaladé ọmọ yín ń kí yín. Ìpalẹ̀mọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ti ń lọ, Hausa ló sì ṣì fi ń dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ìbòjú Màmá ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún ò ní jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ẹ rántí Evelyn, ọ̀rẹ́ mi inú ẹgbẹ́ akọrin. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kúróṣè, iṣẹ́ òwú híhun, bí Màmá ṣe kọ́ wa. A jọ ń fi léèsì àfọwọ́hun ṣe nǹkan tuntun: yẹtí, ìbòrí iná mànàmáná, èyí tí a ń rán mọ́ ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì jíǹsì. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Nígbà tó ní òun fẹ́ wo ọnà ara ìbòjú tí èmi àtẹ̀yin fi ṣègbéyàwó, kí òun lè hun irú ẹ̀, mo kọ́kọ́ bi yín. Ẹ ní kí n gbé e fún un, pé ọmọ ilé ni.

Sátidé tó kọjá, ó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road. Mo múra, mo lọ bá a yọ̀. Hàjíyà kan láti Hotoro ń fi yẹtí wo ara rẹ̀ nínú dígí. Mo sún mọ́ ọn kí n sọ fún un pé ó yẹ ẹ́. Ẹyẹlé kékeré tí Màmá hun sí igun ìbòjú wa ni mo rí tó ń mì létí rẹ̀. Wọ́n ti gé e yíká, wọ́n ti rì í bọ inú gọ́ọ̀mù kó lè le. Mo gbójú sókè, ìyókù rẹ̀ ni wọ́n fi bo iná.

Mo pe Evelyn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wíwò lo ní o fẹ́ wò ó."

"Mo gbìyànjú láti hun irú ẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àpótí ló sáà wà, Oyèníkẹ́. Ní báyìí, gbogbo èèyàn ló ń rí iṣẹ́ Màmá."

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Mo mọ̀ pé o ò ní gbà."

Àǹtí, gbólóhùn yẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó ní òun ò mọ̀ ni, ǹ bá ti dárí jì í níbẹ̀. Ó mọ̀, ó sì mú sísọ́ọ̀sì. Ìdí ẹ̀fọ́ náà ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ wà.

Hàjíyà yẹn gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ọ̀rọ̀ wa sì ta sí i létí. Ó bọ́ yẹtí náà, ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ki yi hakuri," pé kí n má bínú. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló bẹ̀ mí. Evelyn ti lọ dá oníbàárà mìíràn lóhùn.

Wòlíì wa ní kí n dárí jì í. Mo ti gbọ́, ọkàn mi ni kò tíì gbà. Mo ti ń hun ìbòjú mìíràn fún Tiwaladé. Lánàá, ọnà kan dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé fóònù, mo ti pe nọ́ńbà Evelyn kí n bi í, ó ti ń dún kí n tó rántí ohun tó ṣe.

Ẹ bá mi kí bùọ̀dá àti àwọn ọmọ. Bí orúnkún bá gbà, ẹ tètè máa bọ̀, kí a jọ hun ún parí.

Àbúrò yín tó ń wo ọ̀nà,
Oyèníkẹ́.