Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, 2 Nọ́fẹ́ńbà 1998

Kí n kọ́kọ́ yanjú ti gbèsè. Jíbrílù tó bá mi ṣe wáyà ti gba owó rẹ̀ pé. N kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ó yá, ìwé mi, o kú ìrọ̀lẹ́.

Láptọ́ọ̀pù dé ìsọ̀ mi l'Ókè Àrin. Jíbrílù so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní káńtà. Ó ní dandan ni kó lórúkọ. Orúkọ ni èyí ńlá yóò máa fi pè é lórí wáyà. Mo ní kó tẹ ANIKE, oríkì ìyá mi. Iye tí mo ń ra mílíìkì, iye tí mo ń tà á, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Akọ̀wé ni yóò máa gbé e lọ Marina, sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá mi gba ẹrù ní wáàfù. Àbúrò ọkọ mi ni. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, n kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Mo bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ìwé tó kọ náà kò sì tó nǹkan.

Ọjọ́rú, 4

Akọ̀wé gbé e dé. Kọ̀ǹpútà ńlá pe ANIKE, kò jẹ́. Wọ́n ti yí i sí MARINA6! Akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ṣe rí, ẹ̀rọ tó bá wọlé wọn á jẹ́ orúkọ ilé wọn. Ó ń ṣàlàyé, ó ń tún táì ṣe. Jíbrílù tẹ̀ ẹ́ padà sí ANIKE kí n tó bó ọsàn kan tán. Nǹkan tó fi ń fẹ gírámà sí mi lára nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 5

MARINA6. A tún dá a padà. Ẹ̀rọ oníranù.

Àbámẹ́ta, 7

Tẹ́ní — Eléyín Góòlù, ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, òun náà ti so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà — tún ń ta páálí mílíìkì ní náírà márùn-ún dín sí iye tèmi. Àná ni mo yí iye tèmi padà! N kò sọ fún ẹnì kan. Àdíját, oníbàárà mi àtọjọ́ tó pẹ́, kọjá níwájú mi, ó ń wolẹ̀. Ọ̀hún ló yà sí. Bó bá ń lọ báyìí, ìsọ̀ yìí kò ní bá mi dé ọdún tuntun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Jíbrílù ní, Ìyá, ẹ wá wo nǹkan. Kò jẹ́ MARINA lónìí o.

TENI2.

Mo jókòó lórí páálí.

Ọjọ́rú, 11

Mo bi Akọ̀wé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, Ìyàwó wa, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ̀rọ náà ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó sọ ara rẹ̀! Ìkókó wo ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ rí? Nínú agboolé yìí, ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ, owó ni yóò kọ́kọ́ sọ sínú abọ́ omi. Èló ni Eléyín Góòlù sọ? Ta ló sì gbé abọ́ dání fún un?

Jímọ̀, 13

Ìyá ọkọ mi ti gbọ́. Wọ́n ní kí n rọra, ọmọ àwọn ni. Mo ní, ẹ ṣeun, Ìyá. Mo kúnlẹ̀ dáadáa.

Láptọ́ọ̀pù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. ANIKE. Kò tún rìn mọ́.

Gbogbo ilé yóò pé síbi ìpàdé ẹbí. Níwájú wọn, n kò ní pe Akọ̀wé. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni n ó pè: Abdulafeez. Kí wọ́n pariwo èèwọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni yóò jẹ́ mi lóhùn.