Ohùn Bàbá Mi Tó Pòórá Nínú Fóònù

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Ìkòròdú ni mo ń gbé.

Kí bàbá wa tó kú, mo gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú fóònù mi. Nínú rẹ̀, wọ́n sọ pé yàrá méjì iwájú ilé wọn, tèmi ni. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Fóònù mi ti gbó, mẹ́mórì rẹ̀ sì ti kún. Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ bàbá wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Uwais, ní, "Gbé e wá, kí n bá ẹ dín ẹrù inú ẹ̀ kù."

Nígbà tó dá a padà, gbogbo fídíò ìgbéyàwó mi tó wúwo wà níbẹ̀. Ohùn bàbá mi nìkan ni kò sí. Mo bi í. Ó ní, "Fóònù ló yan ohun tó pa rẹ́, èmi kọ́." Kò wojú mi.

Lóṣù tó kọjá, ó kó ayálégbé sínú yàrá méjèèjì. Ìyá wa ní kí n má fẹ̀sùn kan ọmọ ìyá mi lórí ohun tí mi ò fojú rí. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, àmọ́ ọkàn mi ò gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa fóònù, ṣé ó máa ń pa èyí tó fúyẹ́ rẹ́, kó fi èyí tó wúwo sílẹ̀? Àbí mo kàn ń fura sí ẹ̀gbọ́n mi lásán ni? Ó ń bọ̀ wá kí mi ní Sátidé. Ẹ bá mi dáhùn kó tó dé.

Èmi, àbúrò tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.