Ojú fún Agboòrùn, Ìwà fún Ilé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Tíṣà Ojú Ọjọ́

Ọdún 1946, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí agbẹ̀bí tètè dé, ni a bí bàbá wa, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Tíṣà Ojú Ọjọ́. Oníbúrẹ́dì ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Ìyá wọn ló ń gbé búrẹ́dì náà lọ fún àwọn oníbàárà. Ọmọ méjì péré ni tọkọtaya náà tọ́ dàgbà: bàbá wa, àti àbúrò wọn tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Kékeré, káfíńtà tí iṣẹ́ wọn kò ní àbùkù, tí ẹnu wọn kò sì ní ìjánu.

Ní 1953 ni bàbá wa wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ààrò búrẹ́dì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé búrẹ́dì gbígbóná tí a bá yára dé mọ́ inú agolo, ìdérí rẹ̀ máa ń làágùn. Òun ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ bí ìkùukùu ṣe ń wáyé: oòrùn á mú omi di ooru, ooru á gòkè, òkè á tutù, ooru á sì padà di omi. Ọmọ tí kò bá yé, wọ́n á gbé búrẹ́dì gbígbóná sí i níwájú kó fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn ọmọ kan kì í jẹ́ kó yé àwọn bọ̀rọ̀.

Ní 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ girama. Bàbá Kékeré ló kan àpótí funfun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n fi ohun èlò ìwọn ooru sí nínú ọgbà. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní orúkọ fún bí ọjọ́ ṣe rí lónìí, ìyẹn ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe máa ń rí níbì kan láti ọdún dé ọdún, àlàyé gígùn ni wọ́n ṣe fún un. Bàbá wa ní kí wọ́n pè é ní ìwà ọjọ́. Ojú lè fàro láàárọ̀ kó rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìwà, àfi ẹni tó bá a gbé pẹ́. Wọ́n á ní: “Ẹ wo ojú kí ẹ tó mú agboòrùn; ẹ wo ìwà kí ẹ tó kọ́lé.”

Ọdún 1974 ni wọ́n fẹ́ ìyá wa, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí ilé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n tó fẹ́ra, ìyá wa ń sá aṣọ lọ́jọ́ kan, bàbá sì sọ láti ẹ̀yìn ọgbà pé omi ti pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, aṣọ náà kò ní tètè gbẹ. Ìyá wa dáhùn pé: “Ẹ̀yin tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ bá mi sá a ni, àbí ẹ fẹ́ kọ́ mi?” Bàbá bá wọn sá a. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Ní ilé ìjọsìn, bàbá wa ló máa ń ṣáájú àwọn tó ń kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà. Tí ìjọ bá ń gbàdúrà kí òjò má rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé ìta gbangba, bàbá á ṣe àmín tó dún ketekete, wọ́n á sì mú agboòrùn dání.

Ní 1998, Bàbá Kékeré ra ilẹ̀ kan nísàlẹ̀ afárá. Bàbá wa lọ wò ó, wọ́n ní: “Àbúrò mi, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ létí odò, odò ló tẹ́ ẹ. Ẹni tó tẹ́ ẹní á padà wá sùn.” Bàbá Kékeré ní: “Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, odò yìí ò kọjá àyè ẹ̀ rí.” Bàbá ní: “Ojú ẹ̀ lo mọ̀.” Bàbá Kékeré bínú, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ń ṣépè fún ilé àwọn. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà tán tí wọ́n ń ṣí i, ìyá wa nìkan ló lọ láti ilé wa. Wọ́n bu oúnjẹ wálé, bàbá sì jẹ ẹ́ tán.

Kí a má purọ́, omi kò wá. Ọdún ń gorí ọdún, ilé náà gbẹ, Bàbá Kékeré sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń rán èèyàn pé kí wọ́n bá àwọn kí tíṣà. Àwa ọmọ pàápàá ń rò ó pé bàbá ti sọ àsọjù. Ó dùn wá pé nítorí jọ́gíráfì, ọmọ ìyá méjì ò kí ara wọn.

Bàbá fẹ̀yìn tì ní 2006. Láti ìgbà náà, bí òjò ńlá bá ti ṣú, wọ́n á mú agboòrùn, ó di orí afárá. Wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo odò títí yóò fi fà. A rò pé iṣẹ́ ni kò tán lára wọn. Bàbá Kékeré ń rí wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n sì rò pé ẹ̀gbọ́n àwọn ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò fi àwọn ṣẹ̀sín ni. Wọ́n á fa kọ́tìnì.

Òjò kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 2023 pẹ́ kó tó dá, orí afárá ni bàbá sì wà títí ó fi dá. Òtútù mú bàbá láyà, wọ́n sì dákẹ́ nílé ìwòsàn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́sẹ̀ afárá wá bá wa kẹ́dùn, ó mú fèrè kan lọ́wọ́. Ó ní: “Bàbá ló fún mi. Wọ́n ní tí omi bá ti kan irin ìsàlẹ̀ afárá yẹn, tí àwọn ò bá sí ńbẹ̀, kí n fọn ọ́n, kí n sáré lọ kó gbogbo ilé káfíńtà jáde. Wọ́n ní kí n má sọ ẹni tó rán mi.” Bàbá Kékeré jókòó láàárín wa nígbà tó ń sọ ọ́. Wọ́n gba fèrè náà, wọ́n bojú, wọ́n sì sunkún bí ọmọdé.

Bàbá wa fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ sáyé lọ, àti àbúrò kan ṣoṣo, Bàbá Kékeré, tí wọ́n ti kó kúrò nílé etí odò báyìí. Àwọn ará àdúgbò bi wọ́n bóyá omi ti wọlé. Wọ́n ní: “Omi ò wọlé. Ẹni tó ń bá mi wo omi ni ò sí mọ́.”

Ẹ sùn re o, Tíṣà. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí ibi ìsinmi, kó sì máa bá yín ṣọ́ gbogbo ẹni tí ẹ fẹ́ràn.